Àwo Tánganran Nínú Ibú

Mo kọ́ ẹ̀kọ́ nípa òkun ní Adó-Èkìtì. Ẹ kà á dáadáa, n kò ṣì í kọ. Ní Adó yìí, níbi tí òkúta ti yí wa ká, tí ẹni tó bá fẹ́ rí òkun gbọ́dọ̀ wọkọ̀ láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi yẹ̀ lórí, ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo fi kọ́ bí ìgbì ṣe ń dìde, bí iyọ̀ ṣe ń dénú omi, àti ohun tí ẹja ń jẹ nísàlẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò dé. Mi ò kúrò nílé. Yunifásítì kan ní òkè òkun ló ń kọ́ mi láti inú kọ̀ǹpútà. Ọdún kejì tàbí ìkẹta lẹ́yìn tí Èkìtì di ìpínlẹ̀ tirẹ̀ ni, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn nílùú yìí ṣì rò pé ímeèlì jẹ́ orúkọ oògùn ibà.

Àwọn tó mọ̀ mí fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ọlọ́kadà tó máa ń tò sí àdúgbò Fájuyì, bí wọ́n bá ti rí mi pẹ̀lú fáìlì lábíyá, wọ́n á ní, "Bàbá olókun, ẹja mélòó lẹ pa lónìí?" Màá dá wọn lóhùn pé mẹ́ta, pé ọ̀kan nínú wọn gùn ju ọ̀kadà wọn lọ, ó sì ní ìwé ọkọ̀ pípé, èyí tí ọ̀kadà tiwọn ò ní. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á sì bá ọ̀nà mi lọ. Ẹ̀rín ò pa èèyàn. Ohun tí mi ò gbà ni kí ẹnì kan dúró níwájú mi kó sọ pé ọ̀rọ̀ òkun ò kàn mí.

Kí ẹ tó bi mí léèrè ìwé tí mo kà: Módà ọdún kejì ni mo ti kúrò nílé-ìwé, nígbà tí bàbá mi kú. Lẹ́yìn náà mo wa tánkà omi fún ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì. Omi tí mo gbé láyé mi tó láti kún òkun kékeré kan. Ìyàwó mi ní kí n má kọ ìyẹn sílẹ̀. Mo ti kọ ọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo dé etí òkun nígbà yẹn. Ìjọba rán wa lọ sí Èkó láti lọ gbé ẹ̀rọ omi, mo sì dúró létí omi iyọ̀ náà fún nǹkan bíi wákàtí kan. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé mo wakọ̀ wọ inú òkun, pé ìgbì gbé tánkà mi títí dé ẹnu ààlà Gánà, pé ọlọ́pàá Gánà ló yí mi padà nítorí mi ò ní ìwé ìrìnnà. Ọmọ mi obìnrin tó di nọ́ọ̀sì ní òkè òkun kò gbàgbé ìtàn yẹn. Òun ló kọ̀wé sí mi lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì pé: "Bàbá mi, yunifásítì kan wà níbí tó ń kọ́ àwọn àgbà nípa òkun àti àyíká, láti inú kọ̀ǹpútà. Wọn kì í béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọlé. Mo ti forúkọ yín sílẹ̀. Ẹ lọ sọ ti Gánà fún wọn." Ó rò pé òun ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Mo wọlé lóòótọ́.

Ìyáàfin kan ló ní ilé kọ̀ǹpútà nítòsí Fájuyì: kọ̀ǹpútà mẹ́ta, tẹlifóònù kan, ẹ̀rọ adàwékọ kan, àti jẹnẹrétọ̀ kan tó ń húkọ́ bí arúgbó nínú ọyẹ́. Opó ni, kì í gba gbèsè, kì í sì gba ìsọkúsọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló máa ń fi tẹlifóònù yẹn bá mi pe nọ́ńbà tó ń so kọ̀ǹpútà mọ́ òkè òkun, ẹ̀rọ á ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù, bí Ọlọ́run bá sì fẹ́, tí iná ò lọ, ẹ̀kọ́ mi á wọlé. Á tẹ̀ ẹ́ sórí pépà fún mi, màá gbé e lọ sílé pẹ̀lú díkíṣọ́nárì. Gẹ̀ẹ́sì wọn le. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó gùn débi pé mo jẹun láàárín rẹ̀ kí n tó kà á tán.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí olùkọ́ wa fún wa ni pé kí kálukú sọ ohun kan tó ti fojú ara rẹ̀ rí nínú omi. Obìnrin òyìnbó ni olùkọ́ yìí, mi ò rí ojú rẹ̀ rí títí di òní. Mo kọ̀wé pé mo rí ẹja kan nínú odò wa ní Ìgèdè, ìlú bàbá mi, tó gùn bíi bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì, tó máa ń gòkè wá jẹ kókó ní alaalẹ́. Mo fi ránṣẹ́, mo ń dúró de ìyìn. Ìdáhùn tó dé ò ju ìlà kan lọ. Ó ní, "Kí lẹ fi wọ̀n ọ́n?"

Inú bí mi. Láti ìgbà tí mo ti ń parọ́ láyé, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Àwọn èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín, tàbí kí wọ́n pòṣé, tàbí kí wọ́n pa tiwọn lé e. Kí lẹ fi wọ̀n ọ́n. Mo sùn tì í, mo jí tì í. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo pinnu pé obìnrin yìí ò ní rí irú àyè bẹ́ẹ̀ lára mi mọ́. Bí mo bá tún sọ ohunkóhun fún un, ìwọ̀n rẹ̀ á ti wà lápò mi.

Oṣù méje la fi kọ́ ẹ̀kọ́ náà, mi ò ní fi gbogbo rẹ̀ dà yín láàmú. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù níbẹ̀ ni pé kò sí omi tó dá dúró. Odò kékeré tó wà lẹ́yìn oko wa ní Ìgèdè ń ṣàn lọ bá odò mìíràn, ìyẹn ń lọ bá odò ńlá, odò ńlá sì ń lọ sínú òkun. Ohun tí a bá dà sí i níhìn-ín, ẹja òkun á tọ́ ọ wò. Láti ọjọ́ tí mo ti ka ìyẹn ni mo ti ní èsì fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí pé kí ni òkun kan ará Èkìtì.

Iṣẹ́ àṣekágbá ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú omi kan tó wà nítòsí rẹ̀, kó máa wọn bí ó ṣe mọ́ tó, ní Sátidé mẹ́fà léra wọn, ní aago kan náà. Ẹni tó bá fo Sátidé kan, iṣẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, kò ní gba ìwé ẹ̀rí. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n rọrùn. Ẹ ó mú àwo funfun, ẹ ó so okùn mọ́ ọn láàárín, ẹ ó so nǹkan tó wúwo sábẹ́ rẹ̀, ẹ ó wá máa sọ ọ́ kalẹ̀ sínú omi díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ojú yín ò bá ti rí àwo náà mọ́, ẹ wo iye okùn tó ti wọlé. Bí omi bá mọ́, okùn púpọ̀ ni yóò wọlé. Bí ó bá dọ̀tí, àwo á tètè sọnù mọ́ yín lójú.

Mo fẹ́ ìwé ẹ̀rí yẹn. Mi ò ní fi pa mọ́. Mi ò gba ìwé ẹ̀rí kankan rí láyé mi àfi ti ìrìbọmi àti ti ọkọ̀ wíwà, ẹ má sì bi mí bí mo ṣe rí èkejì yẹn gbà. Èyí ni mo fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ mi gbà.

Mo mú àwo tánganran funfun ìyàwó mi, èyí tó fi ń gbé ọbẹ̀ fún àlejò, mo gbé e sórí òkúta, mo fi ìṣó lu ihò sí i láàárín. Ó ká mi mọ́ ọn.

"Bàbá wọn, kí lẹ ń ṣe sí àwo mi?"

"Yunifásítì ló fẹ́ lò ó."

"Yunifásítì ò ní àwo?"

"Wọ́n ní in, kò kàn sí èyí tó dára tó tìrẹ."

Ó wò mí títí. "Méjì lẹ ó rà padà," ó ní, ó sì kọjá lọ.

Mo so nọ́ọ̀tì táyà tánkà sábẹ́ àwo náà. Okùn òwú funfun ni mo lò, torí kì í lọ́ mọ́ra bíi ti rọ́bà. Kí n lè mọ ibi tí okùn dé, mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, mo sì ń so àkísà kékeré mọ́ ọn ní gbogbo gígùn rúlà kan. Aṣọ tí mo rí ya jẹ́ bùláòsì àtijọ́ kan, pupa fòò. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí ẹ bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Èmi ò mọ̀. Orí mi kún fún sáyẹ́ǹsì.

Ibú kan wà lára odò náà, lábẹ́ afárá tí wọ́n fi igi ọ̀pẹ ṣe. Ní Sátidé àkọ́kọ́, kí aago méje òwúrọ̀ tó lù, ọ̀kadà ti gbé mi láti Adó dé Ìgèdè. Mo dúró lórí afárá, mo sọ àwo kalẹ̀, mo sì ń ka àkísà bó ti ń wọlé: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Ní ìkarùn-ún ni àwo náà pòórá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé: márùn-ún. Inú mi dùn débi pé mo kí igi ọ̀pẹ tó dúró létí omi, mo sì lè búra pé ó dáhùn.

Ní Sátidé kejì, mẹ́rin àti ààbọ̀ ni. Mo ń ká okùn lọ́wọ́ nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí àwọn obìnrin mẹ́ta ní òdìkejì, aláṣọ funfun, ọmọ ìjọ Àládùúrà tó wà lójú ọ̀nà. Wọ́n wá pọn omi àdúrà. Mo kí wọn pé, "Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá." Wọ́n gbé korobá wọn, wọ́n sì ń fi ẹ̀yìn rìn lọ títí igbó fi bò wọ́n.

Ẹ wo ohun tí wọ́n rí. Arúgbó kan dá dúró lórí afárá ní kùtùkùtù, ó mú àwo funfun tí wọ́n dá ihò sí lọ́wọ́, okùn funfun, àkísà pupa, ó ń sọ ọ́ sínú ibú, ẹnu rẹ̀ sì ń mì. Bí èmi náà bá rí i, màá sá. Kó tó di ọ̀sán, ó ti kárí Ìgèdè pé mo ń bọ nǹkan nínú odò. Nígbà tí ìròyìn náà fi máa dé Adó lọ́jọ́ kejì, ewúrẹ́ dúdú ti wọ inú rẹ̀, pẹ̀lú ẹyin mọ́kàndínlógún. Kì í ṣe ogún o, mọ́kàndínlógún. Èmi tó jẹ́ ọ̀gá nídìí iṣẹ́ irọ́, mo yìn wọ́n fún ẹyin kan tí wọ́n yọ yẹn.

Ní Tọ́sìdeè ni olóyè àdúgbò wa ní Ìgèdè ránṣẹ́ pè mí. Ẹ̀gbọ́n mi ni bí a bá tò ó dé ọ̀dọ̀ bàbá ńlá. Ọdún méjì ló fi jù mí lọ, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé ọ̀kan nínú méjèèjì. Àwọn àgbà mẹ́rin jókòó tì í. Olórí àwọn obìnrin ìjọ Àládùúrà yẹn náà wà níbẹ̀, Ìyá Ìjọ ni gbogbo èèyàn ń pè é, obìnrin gíga kan tí ohùn rẹ̀ ò nílò agogo. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí n dìde.

"Àbúrò, kí lo ń sọ sómi?" Olóyè ló bi mí.

"Àwo ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Irú àwo wo?"

"Àwo ọbẹ̀."

"Ọbẹ̀ wà nínú rẹ̀?"

"Kò sí ọbẹ̀ níbẹ̀. Bí omi ṣe mọ́ tó ni mò ń wò."

"Usẹ́ kí nìyẹn?" Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ló fi ohùn Ìgèdè bèèrè. "Kí lojú rẹ ṣe tó fi jẹ́ pé àwo lo fi ń wo omi?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìjọ ò bá wọn rín.

"Bàbá," ó ní, "àkísà pupa yẹn ńkọ́?"

"Àmì ìwọ̀n ni, ìyá mi. Rúlà kan, pupa kan."

"Rúlà. Ẹ so pupa mọ́ funfun, ẹ sọ ọ́ sínú omi tí a fi ń wẹ aláìsàn, ẹ wá ní rúlà ni."

"Ẹ̀yin náà ń gbé abẹ́là àti ọsàn lọ síbẹ̀. Mi ò pè yín lẹ́jọ́."

Olóyè gbé ọwọ́ sókè. "Ó tó. Ta ló rán ọ níṣẹ́ yìí?"

"Yunifásítì ni."

"Ti Adó níbí?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Ti òkè òkun. Inú kọ̀ǹpútà ló ti ń bá mi sọ̀rọ̀."

Mo rí i pé mo ti fi ẹnu ara mi ba ọ̀rọ̀ ara mi jẹ́. Tẹ́lẹ̀, wọ́n rò pé nǹkan kan nínú omi ni mò ń bọ. Ní báyìí, nǹkan kan nínú ẹ̀rọ ló ń rán mi sí i.

Wọn ò pẹ́ dájọ́. Wọ́n ní kí n kó àwo àti okùn sílẹ̀ sílé olóyè, kó wà níbẹ̀ títí wọ́n á fi jẹ iṣu tuntun, tí wọ́n á sì fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà. Títí di ìgbà yẹn, kí ẹsẹ̀ mi má ṣe dé ibú.

"Ẹ̀gbọ́n mi," mo ní, "ó ku bí oṣù mẹ́rin sí iṣu tuntun. Ọ̀túnla ni Sátidé kẹta mi."

"Sátidé kẹta ti kí ni?"

"Mẹ́fà ni mo gbọ́dọ̀ ṣe. Bí mo bá fo ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ ti dànù."

"Jẹ́ kó dànù. Kí ni arúgbó bíi tìrẹ fẹ́ fi ṣe?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ti ẹbọ lọ. Ẹni tó bá fẹ̀sùn ẹbọ kàn ọ́ ṣì gbà pé o lágbára láti ṣe nǹkan. Mo gbé àwo náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Àwo nìyí," mo ní, "ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n bàbá mi wà lára àwọn tó tẹ́ afárá yẹn. Màá wà níbẹ̀ ní Sátidé, aago méje."

Ìyá Ìjọ dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé. "A ó pàdé níbẹ̀ nígbà náà," ó ní.

Ní ọjọ́ kejì, mo rojọ́ náà fún opó tó ni ilé kọ̀ǹpútà. Ó ń bá mi tò pépà lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Bàbá, ẹ kọ mẹ́rin síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ márùn-ún, èkejì mẹ́rin ààbọ̀, ẹ̀kẹta mẹ́rin. Ó tò bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ fò wá láti òkè òkun wá wo odò Ìgèdè?"

Kí n sọ tòótọ́, èmi náà ti rò ó kó tó sọ ọ́. Mo ti rò ó lórí ọ̀kadà láti Ìgèdè dé Adó.

Ó wá gbójú sókè. "Ẹ̀yin tí ìgbì gbé dé Gánà. Mẹ́rin péré ló wá há yín lọ́fun?"

"Ìyá mi, ọjọ́ tí mo sọ ti Gánà fún ọ, ṣé o gbà á gbọ́?"

"Kí ló máa mú mi gbà á gbọ́?"

"Ṣé o rí i? Obìnrin olùkọ́ yẹn á gba mẹ́rin gbọ́."

Àárín àwọn tó mọ̀ pé irọ́ ni ni mo ti máa ń pa irọ́ tèmi. Àjọjẹ ni. Èmi pa á, ẹ̀yin rín in, gbogbo wa yó. Ṣùgbọ́n kí n fi mẹ́rin tí mi ò wọ̀n ránṣẹ́ sí ẹni tó jókòó níbi tó jìn tó bẹ́ẹ̀, tí kò ní ojú mìíràn ní Ìgèdè ju ojú mi lọ, olè nìyẹn. Wọ́n lè pè mí ní abọ̀rìṣà kọ̀ǹpútà. Wọn ò ní fi ọwọ́ ara mi sọ mí di olè.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo jí, mo bá àwo tánganran mìíràn lórí tábìlì. Àwo kejì tí ìyàwó mi ní, èyí tó kù. Òun fúnra rẹ̀ ló ti lu ihò sí i. Nọ́ọ̀tì táyà mìíràn àti okùn tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti so àkísà mọ́ okùn náà ní rúlà-rúlà, pupa náà ni.

"O ò rí àwọ̀ mìíràn lò?" mo bi í.

"Mo rí i," ó ní. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n rò pé ẹ̀rù bà wá."

Àwa méjèèjì la jọ gun ọ̀kadà kan lọ, ó jókòó sẹ́yìn mi, ó gbé àwo náà lé itan bí ẹni gbé ọmọ.

Àwọn tó dúró dè wá létí ibú tó igba. Ìyàwó mi ní mẹ́rìndínlógún ni wọ́n. Ẹ mú èyí tó bá wù yín, gbogbo wọn ló sáà ń wò mí. Aago méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìyá Ìjọ dúró ní àárín afárá, ó fi ọwọ́ méjèèjì di igi mú.

"Ẹ ò ní sọ ọ́ sínú omi yìí, Bàbá."

"Màá sọ ọ́, ìyá mi."

"Orí mi lẹ máa gbà kọjá."

"Ẹ ga jù fún ìyẹn. Ẹ wá di okùn náà mú fúnra yín. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tí mo pe orúkọ ohunkóhun, ẹ tì mí sínú ibú."

Ó wò mí, ó wo ìyàwó mi, ó wo àwo. Mo rí i pé kò retí ìyẹn.

"Màá kọ́kọ́ gbàdúrà sí i," ó ní.

"Ẹ gbà á. Aago méje ni mo kàn ní kí n..."

"Ẹ kúnlẹ̀."

Mo kúnlẹ̀ sórí igi ọ̀pẹ. Ó gbàdúrà sí àwo. Ó gbàdúrà sí okùn, àkísà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ó dé orí nọ́ọ̀tì táyà, ó bá ẹ̀mí ìjàǹbá ọkọ̀ wí kúrò lára rẹ̀. Ó gbàdúrà fún mi, fún ìyàwó mi, fún ọlọ́kadà tó gbé wa wá. Lẹ́yìn náà ó wọ inú kọ̀ǹpútà, ó sì ń lé àwọn tó wà níbẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Aago méje kọjá. Mẹ́jọ kọjá. Eegun orúnkún mi ń sọ èdè tí mi ò gbọ́ rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fẹ́ dìde kí n sì bá tèmi lọ, ṣùgbọ́n bí mo bá dìde, Sátidé kẹta ti lọ nìyẹn. Nígbà tó fi ṣe àmín, aago ọwọ́ mi ti lé ní mẹ́sàn-án pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ó gba okùn. Ó sọ àwo kalẹ̀ bí ẹni ń gbé ẹyin lélẹ̀.

"Ọ̀kan," ó ní, ohùn rẹ̀ dé òkè oko. "Èjì."

Ó dúró.

"Ẹ máa bá a lọ," mo ní.

"Ó ti lọ."

"Ẹ wò ó dáadáa, ìyá mi."

"Mo ní ó ti lọ. Mi ò fọ́jú."

Àwọn obìnrin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò ó. Ìyàwó mi wò ó. Èmi náà wò ó. Ní àkísà kejì, àwo ti di òjìji, lẹ́yìn rẹ̀ kò sí nǹkan mọ́, omi funfun bí omi ògì ló kù. Mo ṣí ìwé mi, mo fi hàn án: márùn-ún, mẹ́rin àti ààbọ̀. Ó ka nọ́ńbà méjèèjì, ó tún wo okùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e fún ìyàwó mi, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí omi, ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Omi yìí ni mo fún ọmọ kan tára rẹ̀ ò yá mu lánàá," ó ní. Kò pariwo rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ní kékeré.

Àgbẹ̀ kan láàárín àwọn tó dúró wúkọ́. Ó ní wọ́n ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ sójú odò lókè láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Gbogbo wa la mọ̀ pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ní Ìgèdè, ìsàlẹ̀ ibú ni wọ́n ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ láti ayé bàbá wa, kí omi kíkan rẹ̀ lè máa bá odò lọ láì kan àwọn tó ń pọn omi. Ìyá Ìjọ bi í pé ta ló ń rẹ ẹ̀gẹ́ lókè. Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Ìyàwó olóyè ni, ó ní, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ òwò fùfú, ibẹ̀ ló sún mọ́ oko rẹ̀.

Ìyá Ìjọ ò tún bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó ká aṣọ funfun rẹ̀ sókè dé orúnkún, ó kọjú sókè odò, àwọn obìnrin rẹ̀ tẹ̀ lé e, wọ́n sì dá orin. Mi ò bá wọn lọ. Mo ní ohun tí mo fẹ́ kọ. Mo kọ ọ́ pé: Sátidé kẹta, àkísà méjì. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń kọ aago, bírò dúró. Tí mo bá kọ méje, iṣẹ́ mi ò ní àbùkù kankan. Mo gbójú sókè, mo rí i pé ìyàwó mi ń wo bírò náà. Mo kọ ọ́: aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, wọ́n ti kó ẹ̀gẹ́ náà sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ibú. Olóyè ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta, kò sì tún mẹ́nu ba iṣu tuntun. Ní Sátidé kẹrin, mẹ́ta ni. Ní ìkarùn-ún, mẹ́rin. Ní ìkẹfà, ó kù díẹ̀ kó pé márùn-ún. Gbogbo ìgbà ni Ìyá Ìjọ ń wá, òun ló sì ń di okùn mú, kò gbà kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án. Àdúrà rẹ̀ ti di ìṣẹ́jú méjì. Mo sọ fún un pé bó bá ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ìwé mi ì bá mọ́ tónítóní. Ó ní bó bá ti ṣe é bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà yẹn ì bá ti gbé mi mì.

Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Nígbà tí èsì dé, opó yẹn ló kọ́kọ́ kà á, ó sì fi ọwọ́ lu tábìlì. Mo ti yege. Ìwé ẹ̀rí ń bọ̀ nínú lẹ́tà. Ṣùgbọ́n olùkọ́ yọ máàkì márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí aago Sátidé kẹta ò bá ti ìyókù mu.

Mo ní kí opó náà má tíì pa ẹ̀rọ. Mo kọ èsì lójú ẹsẹ̀, èmi ń sọ, òun ń tẹ̀ ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní aago méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo dé etí omi. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, láti orí àkísà pupa títí dórí àmín. Mo ní bí ó bá rò pé ó rọrùn, kí òun náà wá sọ fún Ìyá Ìjọ pé kó ṣe àdúrà kúkúrú.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó fèsì. Ó ní òun gbà mí gbọ́. Ó ní nínú gbogbo nọ́ńbà mẹ́fà, ẹ̀kẹta yẹn gan-an lòun fọkàn tán jù, nítorí ẹni tó wá láti dá mi dúró ló kà á. Ṣùgbọ́n aago ni aago, ó ní, òun ò lè dá máàkì padà.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, nítorí a ò tíì jáwọ́ nínú wíwọn ibú náà, mo sọ fún Ìyá Ìjọ lórí afárá pé àdúrà rẹ̀ ti jẹ́ kí wọ́n yọ máàkì lára mi.

"Mélòó ni wọ́n yọ?"

"Márùn-ún."

Ó ronú sí i, okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwo ń lọ sísàlẹ̀.

"Fún wákàtí méjì?" ó ní. "Ó kéré. Ẹ kọ̀wé padà sí wọn."